Àgbà Ẹ́ńjìnnì Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Jí I Dìde àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ìlú Elegbeka wà lójú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n, ọ̀nà kan náà tí àwọn èrò ń gbà lọ sí ilẹ̀ Ẹdó. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe, orí ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé irè oko wọn gbà lọ sí ọjà. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kú láàrin Elegbeka àti Ìfọ́n, inú awakọ̀ yóò bàjẹ́, àwọn èrò yóò sì kùn. Ṣùgbọ́n wọn yóò sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò sì dúró létí ọ̀nà títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé.

Ṣùgbọ́n nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, ní apá gúúsù, ilẹ̀ parí, omi sì bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ohun tí mọ́tò jẹ́ fún ará Elegbeka ni ọkọ̀ ojú omi jẹ́ fún ará Igbókòdá àti àwọn ìletò etí òkun. Òun ni ó ń gbé ẹja lọ sí ọjà, tí ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tí ó sì ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú láàrin ọ̀sà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀? Ibo ni yóò dúró sí? Omi kò ní etí ọ̀nà. Nítorí náà ni ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì lójú omi fi ju ọ̀ràn owó lọ. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni.

Ẹ́ńjìnnì tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í gbé inú ọkọ̀ bí ti mọ́tò. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a ń so ó kọ́. Orí rẹ̀ wà lókè, níbi tí iná ti ń jó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn wọ inú omi. Ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà sì ni abẹ̀bẹ̀ onírin tí ń ti omi sẹ́yìn wà, kí ọkọ̀ lè lọ síwájú. Ẹni tí ó bá di ọwọ́ rẹ̀ mú lè darí ọkọ̀ sí ibi tí ó bá wù ú. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a lè tú u kúrò, kí a sì gbé e wọlé.

Kò tí ì pẹ́ púpọ̀ tí irú ẹ́ńjìnnì yìí dé ayé. Láyé àtijọ́, àjẹ̀, ọ̀pá àti ìgbòkun ni àwọn ará etí omi fi ń rìn. Ní nǹkan bí ọdún 1905, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Cameron Waterman, ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, so ẹ́ńjìnnì alùpùpù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré kan, ó sì rìn. Ṣùgbọ́n Ole Evinrude, ẹni tí a bí ní Norway ní ọdún 1877 tí ó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ní ọdún 1909 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní ìlú Milwaukee. Agbára ẹ́ńjìnnì náà kò ju ti ẹṣin kan àti ààbọ̀ lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 28. Evinrude ń rọ irin, Bess aya rẹ̀ sì ń bójú tó ìwé àti òwò. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọpọlọ ṣe pàdé nínú ilé kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn dìde. Àwọn ará England ń ṣe British Seagull, títí wọ́n fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1996. Ní Japan, Yamaha ṣe èyí àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní ọdún 1960. Ní ọdún 2020, àwọn tí ó jogún orúkọ Evinrude pàápàá dáwọ́ ṣíṣe ẹ́ńjìnnì náà dúró.

Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn ènìyàn tètè mọ iyì iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti ọkọ̀. Ìlú Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó létí òkun ní ọdún 1947, di olókìkí nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀. Níbi gbogbo tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀, àgbà ẹ́ńjìnnì kì í wọ́n lẹ́yìn ilé: òmíràn wà lábẹ́ àtíbàbà, òmíràn ti di ibùsùn adìẹ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kú; oorun ni wọ́n sùn. Ogbó kọ́ ni ó sábà máa ń pa ẹ́ńjìnnì, bí kò ṣe àìtọ́jú.

Kí a tó lè jí i, ó yẹ kí a mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Elegbeka tí kò rí òkun rí kò jìnnà sí ìmọ̀ yìí, nítorí pé ẹ̀rọ tí àwọn agégẹdú fi ń gé igi nínú igbó jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. Nígbà tí písítìnì bá gòkè nínú ihò rẹ̀, yóò fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ lókè, yóò sì máa fa epo tuntun wọ ikùn ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Iná yóò ṣẹ́ ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, epo yóò gbiná, agbára rẹ̀ yóò sì ti písítìnì sọ̀ kalẹ̀. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni èéfín ń jáde, tí epo tuntun sì ń gba ipò rẹ̀. Nínú irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí, kò sí ọpọ́n tí ọ́ìlì ń gbé bí ti mọ́tò. Inú bẹntiróòlù ni a ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn, òun ni ó sì ń pa irin inú rẹ̀ lára bí ó ti ń kọjá. Ẹni tí ó bá rọ bẹntiróòlù lásán sí i ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Nígbà tí a bá gbé àgbà ẹ́ńjìnnì jáde láti inú àkísà, ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ń yán hànhàn láti ṣe ni kí ó fa okùn rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí písítìnì bá ti dógùn-ún mọ́ ihò rẹ̀, fífà náà lè ya ohun tí ó ṣì dára. Kí ó kọ́kọ́ wò ó yí ká: ṣé ara rẹ̀ là? Ṣé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́? Ṣé ìdè tí ó fi ń di ọkọ̀ mú ṣì le? Kí ó tún bi ẹni tí ó ni í léèrè bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe dákẹ́. Èyí tí a gbé kalẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó jábọ́ sínú òkun.

Lẹ́yìn èyí, kí ó tú púlọ́ọ̀gì, kí ó sì ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀. Bí písítìnì bá ti lẹ̀, ọ́ìlì náà nílò ọjọ́ púpọ̀ láti wọ ibi tí ó yẹ kí ó wọ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, tí wọ́n ń gbé òòlù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí ó ro ọ́ìlì lónìí, kí ó tún ro ó lọ́la, kí ó sì máa fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ onírin orí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, síwá sẹ́yìn, títí yóò fi já ara rẹ̀ gbà.

Bí ó bá ti ń yí, ìbéèrè mẹ́ta ni a óò bi í: Ǹjẹ́ ó ní agbára? Ǹjẹ́ ó ní iná? Ǹjẹ́ ó ń rí epo mu?

Láti mọ agbára rẹ̀, kí ó fi àtàǹpàkò dí ihò púlọ́ọ̀gì, kí ó sì fa okùn. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti àtàǹpàkò náà kúrò tipátipá, ìrètí ń bẹ. Bí kò bá sí agbára rárá, ríìngì písítìnì ti jẹ tàbí ti há, a sì ní láti tú orí ẹ́ńjìnnì náà wò.

Láti mọ iná rẹ̀, kí ó so púlọ́ọ̀gì mọ́ wáyà rẹ̀, kí ó gbé irin ara púlọ́ọ̀gì náà lé irin ara ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fa okùn. Iná aláwọ̀ búlúù tí ó ń dún ni a ń fẹ́. Kí bẹntiróòlù má ṣe sí nítòsí nígbà tí a bá ń ṣe èyí, kí ọwọ́ má sì kan ẹnu wáyà náà. Bí iná kò bá ṣẹ́, kì í ṣe dandan pé nǹkan ńlá ni ó bàjẹ́. Lábẹ́ kẹ̀kẹ́ onírin náà ni òòfà wà, àti ojú irin kékeré méjì tí ń pàdé tí ń pínyà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́, àlàfo àárín wọn kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ a máa jẹ́ kí ojú irin wọ̀nyí dọ̀tí, iná kò sì ní lè kọjá. Nígbà mìíràn, kí a nù wọ́n kí wọ́n mọ́, kí a sì to àlàfo wọn bí ó ti yẹ, ni gbogbo oògùn tí ó nílò.

Ní ti epo, ibi tí ìyọnu wà ni kábúrẹ́tọ̀. Bẹntiróòlù tí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀ a máa gbẹ, a sì máa di ohun lílẹ̀ bí oje igi, a óò sì dí ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà. Kí ó tú u, kí ó to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sórí aṣọ funfun ní ẹsẹẹsẹ bí ó ṣe ń tú wọn, kí ó sì fọ̀ wọ́n. Kí ó má ṣe ki irin bọ ihò náà, nítorí pé ihò tí ó bá gbòòrò ju bí wọ́n ti ṣe é lọ kò ṣe é mú padà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ pa eèrà ni ó ń rí ìfun inú rẹ̀.

Nígbà náà ni a óò yí ojú sí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nínú rẹ̀ ni àwọn irin eléyín tí ń yí abẹ̀bẹ̀ ń gbé, nínú ọ́ìlì tiwọn. Kí a sọ ihò ìsàlẹ̀ kí a sì wo ohun tí yóò jáde. Bí ọ́ìlì náà bá funfun bí ògì, omi ti wọlé. Rọ́bà tí ń dí ẹnu ibẹ̀ ti jẹ, a kò sì gbọdọ̀ lò ó títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìsàlẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kékeré onírọ́bà tí ń fa omi sókè wà. Omi odò tàbí ti òkun tí ó ń fà ni ó ń mú kí orí ẹ́ńjìnnì tutù. Rọ́bà yìí kéré, kò sì wọ́n tó àwọn ẹ̀yà yòókù, ṣùgbọ́n bí ó bá gbó, orí ẹ́ńjìnnì yóò gbóná títí písítìnì yóò fi há. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń jí àgbà ẹ́ńjìnnì dìde kò gbọdọ̀ bi rọ́bà náà bóyá ó ṣì dára. Tuntun ni kí ó fi sí i.

Nígbà tí ohun gbogbo bá tò tán, kí a má ṣe tan án lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Rọ́bà tí kò rí omi fà yóò jóná láìpẹ́. Inú àgbá tí ó kún fún omi ni kí a ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀, kí omi náà sì bo gbogbo ihò tí ó ń gbà fa omi. Ní ìta gbangba ni kí a ti ṣe é, nítorí pé májèlé ni èéfín rẹ̀, kí ọwọ́ àti aṣọ sì jìnnà sí abẹ̀bẹ̀. Bí ó bá jí, kí ojú kọ́kọ́ lọ sí ibi tí omi ìtutù ń tú jáde. Bí omi náà kò bá jáde láìpẹ́, kí a pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdùnnú gbígbọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a gbàgbé èyí.

Jíjí ẹ́ńjìnnì dìde jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́ ojoojúmọ́. Èkíní ni pípo epo. Àwọn mìíràn ń fẹ́ ìwọ̀n ọ́ìlì kan sí bẹntiróòlù 50. Àwọn tí ó dàgbà jù wọ́n lọ ń fẹ́ ọ̀kan sí 25. Àwọn àgbàlagbà pátápátá wà tí ó ń fẹ́ ọ̀kan sí 10. Nínú bẹntiróòlù lítà 10, èyí àkọ́kọ́ yóò gba ọ́ìlì mìlílítà 200, èkejì yóò gba 400, ẹ̀kẹta yóò sì gba lítà kan. Ohun tí àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà kọ ni kí a tẹ̀ lé. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, irin yóò jẹ irin. Bí ó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì yóò dọ̀tí, èéfín yóò sì bo ojú omi.

Èkejì ni iyọ̀. Omi òkun ni ọ̀tá tí kì í sùn. Lẹ́yìn ìrìn àjò lójú òkun, kí a fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ inú ẹ́ńjìnnì, nípa mímú kí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú àgbá. Àwọn olóye kan a tún máa so irin síǹkì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí omi oníyọ̀ lè jẹ síǹkì náà dípò ara ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá jẹ tán, a ó fi òmíràn rọ́pò. Ewéko tí ó ti bo ọ̀pọ̀ ojú ọ̀sà láti nǹkan bí ọdún 1984 tún jẹ́ ìṣòro, nítorí pé a máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, a sì máa dí ihò omi. Pípa ni kí a pa ẹ́ńjìnnì kí a tó fi ọwọ́ yọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni irin kékeré kan tí ó di ọ̀pọ̀ àgbà ẹ́ńjìnnì mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, kí ó má baà le. Bí abẹ̀bẹ̀ bá kọ lu kùkùté nínú omi, irin yìí ni yóò ṣẹ́, kí àwọn irin eléyín inú má baà fọ́. Ó kú kí ẹni tí ó jù ú lọ má baà kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí inú ń bí nítorí pé ó ń ṣẹ́, tí wọ́n sì fi ìṣó líle rọ́pò rẹ̀. Ìṣó náà kò ṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí kùkùté ńlá bá dé, gbogbo ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni ó ń bá a lọ. Ọlọ́gbọ́n ọlọ́kọ̀ a máa mú irin idẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì kan àti sípánà tí ó bá wọn mu.

Bí ẹ́ńjìnnì bá jábọ́ sínú òkun ńkọ́? Kí a yọ ọ́ kíákíá, kí a má sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí ó bá kan afẹ́fẹ́ tán ni ìpalára iyọ̀ ń yára. Kí a fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́, kí a tú púlọ́ọ̀gì, kí a da omi inú rẹ̀ nù, kí a rọ ọ́ìlì sí i, kí a sì gbìyànjú láti mú un ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Ohun tí ó ṣeé gbà là ní àárọ̀ lè di irin jíjẹrà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Síbẹ̀, ìfẹ́ àgbà ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Èyí tí ara rẹ̀ ti là, tàbí tí ó ń kú lójijì láìnídìí, kò yẹ kí a gbé ẹ̀mí èrò lé e lọ́wọ́. Kí ó máa bá apẹja rìn lójú odò kékeré, tàbí kí a tú u, kí ẹ̀yà rẹ̀ lè gba òmíràn là. Èyí tí ara rẹ̀ sì le jùlọ pàápàá kò sọ àjẹ̀ di aláìwúlò. Kí àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kí aṣọ ìléfòó wà lára olúkúlùkù èrò, kí a má sì di ẹrù ju bí ó ti yẹ lọ. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ará etí omi nìkan. Ẹ̀rọ agégẹdú nínú igbó Ọ̀sẹ̀ ń mu epo àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ̀rọ ìlọ̀ gbágùúdá lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ń ké pe ẹni tí yóò nu ojú rẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ láti wò kí ó tó fà, láti bi ẹ̀rọ léèrè kí ó tó gbé òòlù, àti láti pààrọ̀ rọ́bà kékeré kí irin ńlá tó bàjẹ́, ti di ẹni tí àwọn ènìyàn lè fi ọkàn tán, yálà lójú ọ̀nà Ìfọ́n tàbí lórí ọ̀sà Igbókòdá.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ́ńjìnnì tí ó kú lójú ọ̀nà àti èyí tí ó kú lójú omi?
2. Kí ni ìbéèrè mẹ́ta tí a ń bi ẹ́ńjìnnì tí a ń jí dìde? Ṣàlàyé bí a ṣe ń rí ìdáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
3. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá ń fẹ́ ìwọ̀n ọ́ìlì kan sí bẹntiróòlù 25, mìlílítà ọ́ìlì mélòó ni a óò pò mọ́ bẹntiróòlù lítà 5?
4. Kí ni ó burú nínú fífi ìṣó líle rọ́pò irin idẹ?
5. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: dógùn-ún, ẹsẹẹsẹ, àtíbàbà, ìgbòkun, òòfà.
6. Kọ àròkọ lórí ẹ̀rọ kan tí a ń lò ní àdúgbò rẹ, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.